Ọjọ́rú ni, Alwyn

Kí Alwyn Garbutt tó fìdí lé àga ẹ̀yìn takisí náà tán, níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè Redcar, awakọ̀ ti dá a mọ̀. Alwyn rí ojú ọkùnrin náà nínú dígí, ó rí bí ẹ̀rín ṣe ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń bọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ọjọ́rú ni, Alwyn," ni awakọ̀ wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lọ́jọ́ náà, nínú oṣù Kẹsàn-án. Alwyn gbé ìka kan sókè, ó fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ilé rẹ̀ jóná, ó sì fún ọkùnrin náà ní èsì tó ń fún gbogbo ayé: "Irọ́ ni, Sátidé ni. Lọ wo kàlẹ́ńdà."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fọwọ́ lu sitíárì. Ó ní ìyàwó òun ò ní gbà gbọ́. Ó ní nígbà tí bàbá òun ń kú lọ ní hòsípítù, ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ fún nọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn, tí nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín, tó tún ń sunkún. Ó wá bi Alwyn pé níbo ló ń lọ. Alwyn ní Marske, ilé Raine. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Raine kú, ó dun òun, kò sí ohun tó pa òun lẹ́rìn-ín rí láyé tó ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ń fọ́ ife tíì lórí tẹlifíṣọ̀n. Alwyn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé. Òkun wà níbẹ̀, ó dúdú, òjò wínníwínní ń rọ̀ sí i.

Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá láàárọ̀ yẹn, torí Noreen Raine pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Noreen ni opó Cuthbert Raine, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Cuddy, ẹni tó jẹ́ ìdajì àwọn aláwàdà méjì tí wọ́n ń jẹ́ Garbutt àti Raine. Cuddy kú nínú oṣù Kẹta. Ilẹ̀ ibojì gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa kí wọ́n tó gbé òkúta lé e, oṣù mẹ́fà sì ti kọjá. Noreen ní ẹni tó ń gbẹ́ òkúta máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Orúkọ àti ọdún ló máa wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ á wá kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi mọ ọkọ òun: Ọjọ́rú ni, Alwyn. Ó ní òun fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu òun, torí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Alwyn ní ó dáa, ó dáa gan-an. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn sórí òkúta. Ohun kan ṣoṣo ló sì lè dá wọn dúró, òun náà ni ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún ìyàwó méjì tó fẹ́ tí àwọn méjèèjì sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ lórí fóònù. Alwyn Garbutt kì í ṣe ẹni tó lè sọ òótọ́ láìsí pé ẹnì kan ń wò ó.

Àdúgbò kan náà ni wọ́n bí òun àti Cuddy sí, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ irin ní Redcar. Cuddy ń ṣiṣẹ́ nídìí iná ìléru, Alwyn ń ta bàtà. Ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwàdà nínú kíláàbù àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí bíńgò, tẹ́tẹ́ onínọ́ńbà, ti jẹ́ ọba, tó jẹ́ pé aláwàdà ni wọ́n fi ń dí àlàfo láàárín bíńgò kan àti èkejì. Eré tiwọn kò jọ ti ẹlòmíràn. Alwyn á wọ kóòtù dúdú, á jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá kan, á máa fi ọ̀rọ̀ wá kọ́bọ́ọ̀dù náà lẹ́nu wò nípa ìgbéyàwó rẹ̀. Á bi í bóyá òótọ́ ni pé dígí kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ló ń yàn lálè. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni Cuddy wà, á máa fi ìkúùkù gbá pákó: ẹ̀ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún rárá, ẹ̀ẹ̀meje fún ohun tí kò ṣeé sọ níwájú àwọn ìyá. Alwyn kì í rẹ́rìn-ín. Ojú ẹni tó ń darí ìsìnkú ló máa ń gbé sójú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ìtumọ̀ kankan nínú gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn rẹ̀ wà.

Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin á ká apá wọn sí àyà, wọ́n á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo òjò. Akọ̀wé kíláàbù kan já maikí gbà lọ́wọ́ Alwyn láàárín eré, ó kéde pé mítípáì ti dé, gbogbo èrò sì dìde. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sì bẹ̀rẹ̀, kò mọ níwọ̀n.

Ọ̀sán kan ní kíláàbù kan ní Skinningrove, àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù há. Aṣọ bíṣọ́ọ̀bù ni Cuddy wọ̀ nínú ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́. Ó pariwo pé òun ò lè mí, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Èrò bú sẹ́rìn-ín, ilé ya. Alwyn rò pé Cuddy ń fi nǹkan tuntun kún eré ni, torí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó sì bi kọ́bọ́ọ̀dù bóyá ikọ́ fée ni àbí ìfẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i níkẹyìn, Cuddy ṣubú jáde, ètè rẹ̀ ti dúdú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó sínú ilé tíì kan ní Redcar. Cuddy ti ro ó.

"Alwyn, gbogbo ọ̀rọ̀ la ti fi ṣeré tán," ni Cuddy wí. "Tí mo bá ń kú lọ níbẹ̀ yẹn, èdè wo ni kí n fi sọ fún ẹ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò tíì fi pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Wọ́n mẹ́nu ba ẹja, ó ti wà nínú eré. Wọ́n mẹ́nu ba Ọbabìnrin, kẹ̀kẹ́, ìyá àgbà, àkàbà, gbogbo rẹ̀ ló ti wà. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí rẹ̀ ni obìnrin tó ni ilé tíì dé pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga lé orí tábìlì. Ó ní kí àwọn méjèèjì dìde, Ọjọ́rú ni. Nílùú náà láyé ìgbà yẹn, tó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́rú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tì, wọ́n sinmi nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé Ọjọ́rú ni, kò sí àríyànjiyàn, wàá mú fìlà rẹ, wàá jáde. Cuddy wo Alwyn, Alwyn wo Cuddy. Wọ́n ti rí i.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ibi yòówù kí eré dé, ì báà jẹ́ iwájú Ọbabìnrin fúnra rẹ̀, á di apá èkejì mú, wọ́n á tẹríba fún èrò, wọ́n á wọlé. Alwyn ló kọ́kọ́ lò ó, ní Wakefield, lọ́dún 1976. Bàbá rẹ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun sì takú pé òun máa ṣeré. Láàárín eré, kò lè bá a lọ mọ́. Ó ní, "Ọjọ́rú ni, Cuddy." Kò tíì panu dé tí Cuddy ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti di apá rẹ̀ mú, tó sì mú un jáde. Akọ̀wé kíláàbù bú wọn bí ẹni láyin, Cuddy tó jẹ́ pé ó máa ń tijú sì dá a lóhùn débi pé ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. Alwyn sunkún sí èjìká rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Látọjọ́ náà, wọn ò lo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ fún ọdún méjìlá.

Sátidé kan ni, nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1988, ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò náà ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wò ó, kò sí pé wọ́n á gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fún wọn. Ẹni tó ń darí ètò ti sọ sí Alwyn létí, òun nìkan, pé ọ̀gá àgbà tẹlifíṣọ̀n náà wà ní ìlà kẹta, pé bí ọkùnrin yẹn bá rẹ́rìn-ín, ètò tara wọn ti dé ọwọ́ wọn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù jáde wá mu tíì fún ìgbà àkọ́kọ́. Cuddy so ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ àyà, ó jókòó sídìí tábìlì, Alwyn sì to ife mẹ́fà síwájú rẹ̀.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrin, ọwọ́ òsì Cuddy bọ́ kúrò lórí tábìlì. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ó wá gbójú sókè wo Alwyn, ẹnu rẹ̀ ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọjọ́rú ni, Alwyn," ó wí.

Èrò hó. Sátidé ni, gbogbo wọn ló mọ̀ pé Sátidé ni, bí ó sì ṣe fa ọ̀rọ̀ náà wọ́tọ́wọ́tọ́ lẹ́nu tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí kó má di àríyànjiyàn. Alwyn gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojú náà, ó tún rí ìlà kẹta, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú ti tẹ̀ síwájú, tó fi hánkáṣíìfù bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Alwyn sọ fún ara rẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin kì í pààyàn. Ó gbé ìka kan sókè, ó fa ojú ro, ó ní, "Irọ́ ni, Sátidé ni. Lọ wo kàlẹ́ńdà." Ó sì ki ife tíì kan bọ Cuddy lọ́wọ́ òsì.

Ife náà bọ́, ó fọ́. Èrò pariwo. Ó ki èkejì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìyẹn náà fọ́. Cuddy tún sọ ọ́: Ọjọ́rú ni, Alwyn. Ó fi ẹ̀kẹta lé e lọ́wọ́. Gbogbo ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló fọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń sunkún ẹ̀rín, wọ́n ń di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tí Cuddy sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, orúkọ Alwyn nìkan ló jáde. Orin dún, iná tàn, Alwyn nìkan ló tẹríba.

Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní bóyá tí wọ́n bá tètè gbé e wá, ì bá sàn jù báyìí lọ, bóyá bákan náà ni ì bá rí, òun ò lè sọ. Dókítà sọ ọ́, ó kọjá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Alwyn ló gbé bóyá náà lọ sílé, kò sì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kéde pé àìsàn kọ lu Ọ̀gbẹ́ni Raine lẹ́yìn ètò. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n kọ ọ́ sára ife, sára aṣọ ọmọ ọwọ́, sára ọkọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́rú, nínú gbogbo ọ́fíìsì, ẹnì kan á sọ ọ́, ẹlòmíràn á gbé ìka sókè dá a lóhùn. Lọ́dọọdún nígbà Kérésìmesì, wọ́n á tún fi àwọn ife mẹ́fà náà hàn. Ọ̀gá ìlà kẹta mú ìlérí ṣẹ, ó fún Alwyn ní ètò tirẹ̀, òun àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣófo, tí ẹ̀rọ ń bá a gbá pákó. Àwọn akọrin àti àwọn olóṣèlú ń wá jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, wọ́n ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló di olóòtú ìdíje kan tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án, fún ọdún méjìdínlógún. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá jáwé olúborí níbẹ̀ ni ife tíì kan tí wọ́n kọ Ọjọ́rú ni, Alwyn sí lára. Ó ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ife yẹn lé èèyàn lọ́wọ́, kò sí èyí tó bọ́.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù Kẹjọ àti nígbà Kérésìmesì, ó ń lọ sí Marske. Cuddy á wà nídìí fèrèsé nínú àga onírọ̀rí. Ọ̀rọ̀ bí ogún ló ti padà sí i lẹ́nu. Alwyn á fi ọ̀rọ̀ wá kọ́bọ́ọ̀dù àwo wọn lẹ́nu wò, Cuddy á fi ìdajì ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọn ò mẹ́nu ba alẹ́ ọjọ́ yẹn rí. Alwyn gbà pé ó ti kúrò lọ́kàn ọ̀rẹ́ òun, pé àìsàn ti nù ún kúrò. Ó gbà bẹ́ẹ̀ torí ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, Noreen ṣílẹ̀kùn kí Alwyn tó kàn án. Obìnrin kúkurú ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kí Alwyn bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ti rù, ṣé ebi ń pa wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó gbé tíì àti búrẹ́dì tó fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há láàárín wá. Àga Cuddy ṣì wà nídìí fèrèsé, ó ti tẹ ṣáálì kan lé e lórí. Bébà tí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ya òkúta náà sí wà lórí tábìlì. Alwyn rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà tán, ó tún un kà.

Ó gbìyànjú láti gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọnú ọ̀rọ̀ náà. Ó bi Noreen bóyá àlùfáà máa gbà, torí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Noreen ní àlùfáà ti gbà, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti wá ibi jókòó. Alwyn ní àwọn èèyàn á máa wá ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á máa fi ojú oórì ṣeré.

"Kí wọ́n wá," ni Noreen wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó síbẹ̀ yẹn, yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló wá kí i? Kí wọ́n kúkú wá kí i báyìí."

Alwyn ní òjò òkun máa ń tètè pa lẹ́tà wẹ́wẹ́ rẹ́ lára òkúta. Noreen gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì sílẹ̀.

"Alwyn, kí lo gbé wá láti Lọ́ńdọ̀nù? Sọ ọ́, ká gbọ́."

Ó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Skinningrove, ó sọ ti àgádágodo tó há, ti ilé tíì, ti obìnrin tó mú àkísà lọ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré, ohun kan ṣoṣo tí kì í ṣe eré nínú gbogbo iṣẹ́ àwọn ni. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ náà, Cuddy ń sọ pé kóun mú òun jáde ni. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ ń dúró díẹ̀ níbi tó ti yẹ kí èrò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì wà bó ṣe máa ń wà lórí ìtàgé. Kò ní ojú mìíràn mọ́. Ìtìjú mú un, ó gbójú sílẹ̀.

Noreen ò pariwo. Ó nawọ́ nu èérún búrẹ́dì kúrò lórí tábìlì.

"Mo mọ̀," ó wí.

"Kí lo mọ̀?"

"Mo mọ ohun tí Ọjọ́rú jẹ́. Ọdún kejì àìsàn ẹ̀ ló sọ fún mi. Wọ́n fún un ní pátákó kan ní hòsípítù, tí wọ́n kọ a bí dí sí, kó máa tọ́ka sí i. Odidi ọ̀sán kan ló fi sọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ìwọ ló ń pè."

Alwyn gbójú sókè. "O mọ̀, o sì ń ṣílẹ̀kùn fún mi?"

"Ó ní o gbàgbé ni. Ó ní ó ti pẹ́ jù tẹ́ ẹ ti lò ó, iná pọ̀, ariwo pọ̀, ó ti bọ́ lórí ẹ. Ó ní kí n má bínú sí ẹ, èèyàn máa ń gbàgbé. Èmi náà sì rò ó pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ti gbàgbé ìkòkò sórí iná rí, díẹ̀ ló kù kí iléèwé jóná." Ó fi ìka kan bébà náà. "Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ lórí òkúta nìyẹn. Ó pè ẹ́, o ò gbọ́ ọ yé, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan. Mo ní kó wà níbẹ̀, kó o máa wá dá a lóhùn."

Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Alwyn. Cuddy ló ṣí i fún un, pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo. Kó mi orí ni, ó parí nìyẹn. Á máa wá ní oṣù Kẹjọ, á máa wá ní Kérésìmesì, obìnrin yìí á máa fún un ní tíì, òkúta á máa pè é lórúkọ, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láéláé. Ó ti mi orí sí irọ́ tó tóbi jùyẹn lọ láyé rẹ̀, ó sì gba owó lé e lórí. Ó fẹ́ mi orí náà. Ó fẹ́ ẹ débi pé ọrùn rẹ̀ ń ro ó. Ó wá wo bébà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí i bí òun á ṣe máa dúró síwájú òkúta yẹn, òun àti òkúta nìkan, láìsí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò gbàgbé, Noreen."

"Kí lo wí?"

"Mi ò gbàgbé. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ parí ẹ̀."

Noreen jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì. Ó yíjú sí àga tó wà nídìí fèrèsé, àga náà ló sì ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Cuddy ò mọ irọ́ pa," ó wí. "Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tó bá fẹ́ parọ́, òkè àjà ló máa ń wò. Lọ́jọ́ yẹn, ó wo pátákó náà dáadáa títí ó fi sọ gbogbo ẹ̀. Ìgbà tó kan pé o gbàgbé, ìka ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, ó ń tọ́ka síbi tí lẹ́tà kankan ò sí. Mo ní, Cuddy, wo pátákó. Kò wò ó. Òkè àjà ló ń wò. Mo rò pé àìsàn ló ń fa ojú ẹ̀."

Alwyn ní, "Noreen."

"Ó mọ̀ pé o gbọ́. Ó fẹ́ kí n máa jẹ́ kó o wọlé ni. Ó mọ̀ pé tí òun bá sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹ mọ́, òun ò sì ní rí ẹ mọ́. Ó wà níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú irọ́ yẹn lọ́dún tó tó báyìí, ó ń fi ìdajì ojú rẹ́rìn-ín fún ẹ." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, kíá, bí ẹni tí nǹkan ta sí lójú. "Ó sì fẹ́ràn ẹ débẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí burú tó báyìí."

Ó dìde, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù. Alwyn gbọ́ ọ tó ń kí Ọ̀gbẹ́ni Petch, ẹni tó ń gbẹ́ òkúta, tó ń bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà ló ní kó jọ̀ọ́, orúkọ àti ọdún nìkan ni kó kọ. Rárá, kò sí nǹkan mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dá òun lójú. Ó ní kó fi ìyókù òkúta náà sílẹ̀ lófìfo.

Nígbà tó padà dé, kóòtù Alwyn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jù ú lù ú, ó di kọ́là rẹ̀ mú fún un bí ìyá ṣe ń di ti ọmọ mú, Alwyn sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Òjò ti ń rọ̀ gan-an báyìí, ó ń lu àwọn òdòdó tí Cuddy máa ń wò láti ibi fèrèsé rẹ̀.

Níta, lórí àkàsọ̀, Alwyn yíjú padà. Ó bi í bóyá òun lè máa wá síbi ojú oórì.

Noreen di ilẹ̀kùn mú, ó rò ó wò. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ibojì ò ní ilẹ̀kùn, Alwyn, mi ò lè tì í mọ́ ẹ," ó wí. "Ilé mi ló ní in."

Ó tì í. Alwyn dúró sínú òjò, ó gbọ́ tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún yí i lẹ́ẹ̀kejì.